Bí Mo Ṣe Da Awọ Mi Dé ní Ìlú Ó-ku-kan

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ilé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ jáde kó tètè jáde, nítorí ìtàn tí mo gbé lọ́wọ́ yìí, kò sí ibi tí ènìyàn ti ń dìde nínú rẹ̀. Ẹni tó ń bó ẹ̀gúsí, máa bó o lọ. Ọwọ́ kì í dí etí lọ́wọ́. Fọlárìn, mo rí ẹ̀rín tí o fi ọwọ́ bò. O ní o kò gbọ́ ọ rí kí obìnrin ṣọdẹ. Bàbá mi kò bí ọkùnrin, ìwọ ọmọ yìí. Èmi ló gbé ìbọn lé léjìká nígbà tí ìbọn náà ṣì ga jù mí lọ. Èmi Àwẹ̀ró tí ẹ ń wò yìí, ẹfọ̀n gbọ́ ìkọ́ mi lókèèrè, ó bọ́ ìwo rẹ̀ sílẹ̀ kó lè ráyè sáré. Ẹkùn tí mo lé ní ọdún tí eéṣú jẹ oko wa, ó ṣì ń sá lọ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí; bóyá ó ti dé etí òkun.

Èmi yìí kan náà ni wọ́n fi awọ pẹlẹbẹ méjì mú, tí wọ́n dè mọ́ ẹní láìsí okùn. Bó ṣe rí ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún kẹta tí mo délé ọkọ ni ọkọ mi kú. Ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo sílẹ̀, ó fi èmi náà sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nínú ilé. Ọmọ tó bá ti ṣáájú ìyàwó wọ agbo ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń rá kòrò lórí ilẹ̀, ọkọ ni. Nítorí náà mo sọ àbúrò ọkọ mi yìí ní Eyínfúnjowó, nítorí pé bó bá rẹ́rìn-ín, yàrá á mọ́lẹ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, mo mọ̀ ọ́n, etí mi ń gbọ́ ọ láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò gba ẹnu mi kọjá rí.

Eyínfúnjowó tẹ̀lé ẹtu kan wọ Igbó Agbétu. Ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, kò dé. Ìyá ọkọ mi kẹ̀yìn sí oúnjẹ. Mo gbé àwo kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ sún un.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "ọmọ méjì ni mo bí. Ìkan wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí ìkejì bá sọnù, ta ni mo ń jẹun dè?"

"Ìyá, màá mú un wá."

N kò mọ ẹni tó yá ẹnu mi lò lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kankan jẹ. Mo gbé ìbọn, mo wọ ẹ̀wù gbérí, ó di inú igbó.

N kò ní máa ka igi fún yín. Ọ̀nà jìn, mo rìn ín. Ohun kan ṣoṣo ni màá sọ níbẹ̀. Bí mo ṣe ń wọ Igbó Agbétu lọ, mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi, fùrù, fùrù, bí ìgbà tí ènìyàn ń ká ẹní. Mo bojú wẹ̀yìn. Iwin kan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo amọ̀. Ọ̀nà tí mo gbà wá ló ń ká jọ, ó ti ká a dé gìgísẹ̀ mi.

"Baba, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń palẹ̀ mọ́ ni."

"Ọ̀nà tí màá gbà padà nìyẹn."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ta ló bá ọ sọ ọ́ pé wàá padà?"

Mo na ìbọn sí i. Ìbọn yán, ó ní oorun ń kun òun. Iwin náà gbé ọ̀nà rù, ó ń súfèé lọ. Ibi tó ti ká a kúrò di igbó dídí, ejò pàápàá kò lè gba ibẹ̀ láìbọ́ awọ. Bí mo ṣe di ẹni tí iwájú nìkan ṣoṣo kù fún nìyẹn.

Iwájú náà ló gbé mi dé ẹnu odi ìlú kan. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kò ní ojú lórí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Bó bá fẹ́ wò ọ́, á la ọwọ́ méjèèjì sí ọ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan.

"Kí ló ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ tí kò mọ ọ̀nà àbájáde?" ó bi mí.

"Ẹja inú ìgèrè. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ìyẹn nílùú wa."

"O mọ̀ ọ́n, o sì ń wọlé?"

"Ẹnì kan wà nínú tí mo ń wá."

"Ta ni?"

"Ọkọ mi."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ."

Ó pa ọwọ́ dé, ó ronú. Ó tún la ọwọ́. "Òun ló fẹ́ ọ?"

"Rárá. Ẹni tó fẹ́ mi ti kú. Àbúrò rẹ̀ ni."

"Ọkọ rẹ tí kò fẹ́ ọ, tí o mọ orúkọ rẹ̀, tí o kò sì lè pè é." Ó mi orí tí kò lójú náà. "Ìyá, wọlé. Ìwọ àti àwọn ará ibí máa gbọ́ra yín yé."

Ìlú Ó-ku-kan ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Oòrùn kì í là níbẹ̀, kì í sì í wọ̀; ó dúró sójú kan bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá fẹ́ dágbére fún oko. Kò sí ilé, kò sí ààrò. Ẹní ló tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ẹni mẹ́jọ mẹ́jọ lórí ìkọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn tẹrí ba. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń gbọ́ láti ẹní dé ẹní: "Ó ku kan. Ẹ jẹ́ ká wo ìyẹn."

Lórí ẹní kẹrìndínlógún ni mo ti rí Eyínfúnjowó. Ó ti gbẹ. Eyín tó funfun ju owó ẹyọ lọ ti pọ́n bí ògiri ibi ìdáná. Mo pè é. Ó wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì yí ojú padà sí nǹkan tó dì mú.

Iwin kan tó jókòó sí ọ̀tún rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Ó sanra, etí rẹ̀ balẹ̀ dé èjìká, àpò kan tó wú tìmùtìmù wà ní abíyá rẹ̀. Jẹ́-n-wò-ó ni wọ́n ń pè é.

"Má da ara rẹ láàmú, ìyá. Ó ti ta orúkọ rẹ̀, èmi ni mo jẹ ẹ́. Inú àpò mi níbí ló wà. Bí o bá pè é báyìí, èmi ni màá dáhùn."

"Ẹ fún mi."

"A kì í fún ni níbí. A ń ta á ni. Jókòó, àyè kan ṣófo."

Mo jókòó. Kí ni ǹ bá ṣe? Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í bi omi léèrè odò tí wọ́n ti pọn ọ́n.

Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ta tẹ́tẹ́ náà, nítorí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe hun ìgèrè kò ní mọ ìdí tí ẹja fi há. Awọ gbígbẹ ni, wọ́n gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ya ẹran sí i lójú kan: ẹtu, ejò, ẹja, ẹyẹ. Mẹ́tàlá mẹ́tàlá ni oríṣi kọ̀ọ̀kan, láti orí ọmọ títí dé orí baba. Wọ́n á fún ọ ní méjì, wàá fi pamọ́ sí àyà. Wọ́n á ṣí mẹ́ta sí àárín ẹní, gbogbo ayé á rí i. Wọ́n á tún ṣí ìkan. Wọ́n á wá ṣí èyí tó kẹ́yìn. Bí ipò tìrẹ bá bá tàárín mu ní méjì méjì, ìbejì ni ìyẹn, ó dára. Bí márùn-ún bá jẹ́ oríṣi ẹran kan ṣoṣo, agbo ni ìyẹn, agbo sì ń tẹ ìbejì pa. Bí agbo méjì bá pàdé, èyí tí baba bá wà nínú rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀gá.

Ohun tí wọ́n fi ń ta á ńkọ́? Ìrántí ni. Kì í ṣe ìrántí ńlá o. Ìrántí wẹ́wẹ́ ni, ìkan kí wọ́n tó ṣí mẹ́ta, ìkan kí wọ́n tó ṣí ẹ̀kẹrin, ìkan kí wọ́n tó ṣí ìkẹyìn. Kò gbọdọ̀ ju ìkan lọ, kò gbọdọ̀ dín. Wàá tẹ ẹnu mọ́ igbá tó wà láàárín, wàá sọ ọ́ síbẹ̀, ó parí, kò sí nínú rẹ mọ́. Ẹni tó bá jẹ ló ń kó gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé awọ òun kò dára lè dà á dé, kó sinmi, ṣùgbọ́n ohun tó ti sọ sínú igbá ti lọ nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ibi tó ti wá le. Bí wọ́n bá ti ṣí ìkẹyìn, kí ẹni tó jẹ tó ra ọwọ́ pọ̀, awọ méjì mìíràn ti wà lọ́wọ́ ẹni gbogbo. Bí awọ bá sì ti wà lọ́wọ́ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ti di ti ẹní.

Àwa mẹ́jọ la wà níbẹ̀. Iwin mẹ́ta: Jẹ́-n-wò-ó, Ó-lè-bọ́-sí-i, tó gùn tó tínrín bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń já ọsàn, àti Mo-ti-bá-a-dé-bí, obìnrin ni, gbòǹgbò ti hù ní ìdí rẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ. Ọdẹ mẹ́ta láti ìlú tí n kò mọ̀, tí àwọn fúnra wọn kò mọ̀ mọ́. Eyínfúnjowó. Èmi. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó ń da awọ dé. Bí wọ́n fún wọn ní pàǹtírí, wọ́n á gbé pàǹtírí dé òpin.

Mo rò pé màá fi ọgbọ́n ọdẹ mú wọn. Awọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ẹja kékeré àti ẹyẹ kékeré. Mo wú àyà. Mo sun ìjálá. Mo ń sọ ìrántí sínú igbá bí ẹni tó ní àká, mo ń wo ojú wọn fínnífínní kí wọ́n lè sá. Bí mo ṣe ń lé ẹkùn nìyẹn.

Jẹ́-n-wò-ó fi ìka yọ ohun tó há a léyín. "Ìjálá yín dùn, ìyá. Ẹ jẹ́ n wò ó."

Ó wò ó. Ìbejì ẹyọ kan, kékeré, ló fi kó igbá lọ.

"Ṣé ẹ̀rù kò bà yín ni?" mo bi í.

"Ẹ̀rù kí ni? N kò wo ọwọ́ yín. Ọwọ́ mi ni mò ń wò."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Ìbọn òfìfo ń lé ẹran tó bá ń wò ọ́. Ẹran tó dorí kodò tó ń jẹ koríko, kí lo fẹ́ fi lé e?

Mo yí ọwọ́ padà. Wọ́n fún mi ní baba ẹyẹ àti baba ẹja, mo yọ̀. Àwọn baba máa ń ṣẹ́gun bí ó bá jẹ́ ẹni kan tàbí méjì lẹ ń bára yín jà. Ṣùgbọ́n ẹni méje tí kò ní lọ, ìkan nínú wọn á ṣì ẹsẹ̀ gbé kó sórí oríire. Ó-lè-bọ́-sí-i di awọ méjì mú tí ajá kò ní jẹ, ó ń wí pé, "Ó lè bọ́ sí i, ó lè bọ́ sí i," àfi bí ó ṣe bọ́ sí i.

"Kí lẹ rí tí ẹ fi dúró?" mo bi í.

"Ìyá, n kò rí nǹkan kan. Ìyẹn ni mo fi dúró."

Nígbà tó ṣe, wọ́n fún mi ní ejò méjì, kékeré. Ejò mẹ́ta jáde sí àárín. Agbo nìyẹn. Mo ti na ọwọ́ sí igbá nígbà tí Mo-ti-bá-a-dé-bí rọra ṣí tiẹ̀: baba ejò, àti ejò mìíràn. Agbo rẹ̀ gbé agbo mi mì. Ó ní kí n má bínú, òun kò tètè mọ̀ pé òun ní i, gbòǹgbò ló ń dun òun.

Ẹ wo ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó pàdánù ìrántí kì í mọ ohun tó pàdánù. Àyè rẹ̀ ló máa ń fi ahọ́n wá, bí ibi tí eyín ti bọ́. Mo ti ta bí òjò ṣe ń dún lórí koríko ilé bàbá mi. Mo ti ta àwọ̀ aṣọ tí mo wọ̀ lọ sílé ọkọ. Àwọn yẹn padà sí ọwọ́ mi lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí mo fi lè dárúkọ wọn. Nígbà náà, mo kàn mọ̀ pé mo ń fúyẹ́ ni. Irun tí mo dì wá ti tú, ó sì ti hù di ìka mẹ́ta, oòrùn kò sì kúrò lójú kan náà.

Mo jókòó, mo bá ara mi wí. Mo ní, Àwẹ̀ró, ta ló bí ọ? Báwo ni bàbá rẹ ṣe ń pa ẹran? Ṣé ó ń sáré kiri ni? Kì í sáré. Ó ń gẹ̀gùn, ó ń lúgọ de ẹran. Kì í sì í ṣe ìdí igi kígi ló ń gẹ̀gùn sí. Ìdí igi tí èso rẹ̀ ń bọ́, tí ẹsẹ̀ ẹran púpọ̀ pàdé síbẹ̀, ibẹ̀ nìkan ló ń jókòó sí. Bí ẹsẹ̀ ẹran bá jẹ́ méjì péré, á ní ẹ̀fọn kò ní jẹ òun nítorí ìyẹn, á dìde.

Mo wá ṣírò ó bí ọdẹ. Bí ejò méjì bá wà lọ́wọ́ mi, tí baba wọn sì jẹ́ ìkan nínú wọn, bí méjì bá jáde sí àárín, mẹ́rin nìyẹn. Mẹ́sàn-án ṣì wà nínú igbó. Bó bá ku awọ kan, bí mo gẹ̀gùn ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan ló máa jáde. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń bẹ̀rù, ìwà wèrè nìyẹn. Wọ́n á ti sá lọ, ìwọ nìkan á máa dúró de òfìfo. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kì í lọ. Ìkan péré ni màá sọ, mẹ́tàlélógún ni yóò wà nínú igbá. Ẹ jẹ́ kí n ṣì í ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀karùn-ún á san ti gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n baba gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ mi. N kò ní dúró de agbo tí agbo ẹlòmíràn máa gbé mì mọ́.

Bí mo ṣe di ọ̀gá wọn nìyẹn. Mò ń da awọ dé ní àkọ́kọ́ bí kò bá dára, kí mẹ́ta tó ṣí; n kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Bí ó bá dára, mo gẹ̀gùn. Ó kùnà, mo mí. Ó kùnà, mo mí. Ó jáde, mo kó igbá, gbogbo wọn sì ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹ kú oríire, ìyá." Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.

Mo jẹ ìrántí tó pọ̀. Mo rántí bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn ní irùngbọ̀n. Mo rántí ìyàwó ọdẹ kan, bó ṣe ń fi ìdí jókòó sórí odó. Mo rántí ohun tí iwin ń rí nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀, n kò ní sọ ìyẹn fún ẹ̀yin ọmọdé.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín. Ó ti ń dùn mọ́ mi. Ìgbà mìíràn wà tí màá jẹ igbá tán, tí màá gbàgbé pé ẹnì kan wà ní ọwọ́ òsì Jẹ́-n-wò-ó tí mo tìtorí rẹ̀ wá. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Ó wá di ìgbà kan, wọ́n fún mi ní baba ejò àti ejò keje. Mẹ́ta ṣí: ejò, ẹja, ejò. Jẹ́-n-wò-ó ti ọwọ́ bọ abíyá láìwò, ó fa nǹkan yọ, ó jù ú sínú igbá. Orúkọ ni. Ìrántí kì í dún bó bá bọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ń dún. Mo gbọ́ ọ bí òkúta mẹ́rin nínú kànga: Ọ, dẹ́, ní, ran. Etí Eyínfúnjowó mì bí etí ajá tó ń lá àlá.

"Orúkọ lẹ jù síbẹ̀ yẹn," mo sọ.

"Àbí? Nǹkan wẹ́wẹ́ ni. Mo ní wọn púpọ̀."

Ẹ̀kẹrin ṣí. Ẹyẹ ni. Ó ku kan. Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ìgbà tí mo ti ń gẹ̀gùn láyé mi, n kò gbàdúrà sí ẹran rí. Ọjọ́ náà mo bẹ ejò. Mo sọ ìrántí kan sínú igbá. Ó-lè-bọ́-sí-i sọ tiẹ̀. Mo-ti-bá-a-dé-bí ní òun ti bá a dé ibí, òun kò lè padà. Kò sí ẹni tó lọ.

Wọ́n ṣí i. Ejò kan tínńtín, tó ká jọ bí òrùka.

Mo kó igbá. Mo fi orúkọ náà sí abẹ́ ahọ́n, ó gbóná. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé ìdí, awọ méjì ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹ wo ohun tí ènìyàn ń dì: mo wò wọ́n. Baba ẹtu àti ẹtu kẹta. Ọwọ́ àti ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n lára, mo ti tẹ ẹnu mọ́ igbá, mo ti sọ nǹkan síbẹ̀. Mẹ́ta ṣí, ẹtu méjì wà níbẹ̀. Mo tún sọ. Ẹ̀kẹrin ṣí, ẹja ni. Ìgbà tí mo tún sọ ìkẹta tán ni orúkọ abẹ́ ahọ́n mi jó mi, tí mo rántí.

"Ọkọ mi," mo pè é.

Ọdẹ mẹ́ta gbé orí sókè. Gbogbo wọn ni ọkọ ẹnì kan níbì kan. Òun nìkan ni kò gbé e.

"Eyínfúnjowó."

Ó fi ahọ́n kan eyín rẹ̀, ó ń wo awọ.

Mo ti dojú kọ ẹfọ̀n, n kò gbọ̀n. Pípe orúkọ yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo ya ẹnu, mo tú u jáde lọ́nà tí ìyá rẹ̀ ń gbà pè é.

"Ọdẹ́níran."

Ó yí orí padà wàì. Ìyè padà wọ ojú rẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìyàwó wa? Ìwọ lo pè mí lórúkọ? Ta ló kú nílé?"

"Kò tíì sí ẹni tó kú. Ìyá ò jẹun. Dìde ká lọ."

"Mo ń bọ̀. Jẹ́ n wo èyí tó kù yìí." Ó yí awọ rẹ̀ sí mi díẹ̀, bí ọmọdé tó fẹ́ fi nǹkan hàn. Ìbejì kan, kékeré. "Ó ku kan péré."

"Ó ti ń ku kan látìgbà tí o ti dé ibí."

"Ṣáájú, Ìyàwó. Mo wà lẹ́yìn rẹ."

Mo mọ̀ pé bí ìkẹyìn bá ṣí, méjì mìíràn á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á tún ku kan. Mo sì mọ̀ pé kò ní gbọ́ lẹ́nu ẹni tó di awọ mú. Mo da tèmi dé lórí ẹní.

Àwọn iwin gbé ojú kúrò lára awọ. Àwọn tó wà lórí ẹní ẹ̀gbẹ́ wa náà yíjú sí mi. Wọn kò rí i rí kí ènìyàn da mẹ́rin inú agbo dé, pẹ̀lú baba, nígbà tó ku awọ kan, tó sì ti san án.

"Ìyá." Jẹ́-n-wò-ó ló ń sọ̀rọ̀, omi lé sí i lójú. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ sọ sínú igbá yìí? Èmi gbọ́ ọ. Kì í ṣe wẹ́wẹ́."

Mo fi ahọ́n wá inú ara mi. Àyè kan wà níbẹ̀. Ó gbòòrò.

"Ẹ jẹ́ ká ṣí i nígbà náà," ó ní. "Ká kàn wò ó. Ọ̀fẹ́ ni."

Ọwọ́ mi gbéra. Mo rí i tó gbéra. Mo fi ọwọ́ kejì dì í mú.

Mo dìde, ẹsẹ̀ mi ń ta mí bí ẹni tó sùn lé e. Mo yípo ẹní, mo dé iwájú Ọdẹ́níran, mo kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì balẹ̀, mo tẹrí.

"Ọkọ mi, mo kúnlẹ̀."

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí agbo ilé yìí mọ̀ ọ́n. Nílé wa, bí ìyàwó bá kúnlẹ̀, ọkọ kì í fi ẹnu lásán gbé e dìde, kì í sì í fi ọwọ́ kan. Ọwọ́ méjèèjì ló ń nà sí i. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Bí ó bá fi ọwọ́ kan ṣe é, ìyá rẹ̀ á gbá a létí.

Ó wò mí. Ó wo awọ. Ó tún wò mí. "Ìyàwó, dìde."

N kò dìde.

"Dìde, mo ní. Àwọn ènìyàn ń wò wá."

"Mo kúnlẹ̀, ọkọ mi."

Ọdẹ kan sọ pé kí ó yára sọ tiẹ̀ sínú igbá, ó ku kan. Mo gbọ́ èémí Ọdẹ́níran lókè orí mi, ó ń já, ó ń já. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún kàn mí léjìká. Ọ̀tún nìkan. Mo dúró bẹ́ẹ̀ tí orúnkún mi fi fẹ́ wọlẹ̀ bí gbòǹgbò obìnrin yẹn. Mo wá gbọ́ ohun kan tó bọ́ sórí ẹní, pẹ̀, pẹ̀, ẹ̀ẹ̀méjì. Ọwọ́ òsì kàn mí léjìká kejì.

Ó gbé mi dìde. N kò jẹ́ kí ó bojú wẹ̀yìn, èmi náà kò bojú. A gbọ́ ọ lẹ́yìn wa nígbà tí wọ́n ṣí i. Gbogbo ẹní ké "Há," gẹ́gẹ́ bí ẹni tó rí nǹkan. A ń lọ.

Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ pa ọwọ́ méjèèjì dé nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé kò rí wa. Iwin tó ká ọ̀nà yẹ àpò wa wò, ó rí i pé a kò mú nǹkan kan jáde, ó kùn, ó sì tẹ́ ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Ọ̀nà náà ní ìṣẹ́po níbi tó ti ká a, títí di òní.

Ìyá ọkọ mi bu òkèlè lọ́jọ́ tí a dé. Àwọn ìyàwó ilé gbọ́ pé mo pe ọkọ lórúkọ, wọ́n ní kí n pọnmi kún ìkòkò gbogbo ilé fún ọjọ́ méje. Mo pọn ọ́n. Ó tọ́ sí mi.

Lọ́nà ni Ọdẹ́níran ti sọ fún mi ohun tí mo fi sílẹ̀ nínú igbá, nítorí ó gbọ́ nígbà tí mò ń sọ ọ́. Ó ní èyí tí mo sọ kẹ́yìn ni bí ìyá mi ṣe ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé bí ọbẹ̀ bá jinná. Ìyá mi ti di ará ọ̀run kí n tó lọ sílé ọkọ. Mo mọ̀ pé ó ń pè mí. Mo rántí bí mo ṣe ń sáré lọ, mo rántí òórùn ọbẹ̀ náà, mo rántí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí. Kò sí ohùn níbẹ̀.

Fọlárìn, mo mọ̀ pé ohun tí o fẹ́ bi mí ni bóyá ẹtu ni wọ́n ṣí kẹ́yìn. N kò mọ̀. Ìgbà mìíràn tí mo bá jókòó bí mo ṣe jókòó yìí, ọwọ́ mi á gbéra fúnra rẹ̀, màá sì fi ọwọ́ kejì dì í mú.

Ibi tí mo da tèmi dé sí nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i.